Ẹni tí kò lè wo àgbà lójú

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa nílé wa ní Rumuola, òòlù bàbá mi ni. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Port Harcourt, ń fi fóòmù àti aṣọ tuntun sí àga àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní D-Line, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí iṣẹ́ sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Á ru egungun àga wálé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa a ó ti máa gbọ́ pàù, pàù, pàù, bó ṣe ń kan ìṣó wẹ́wẹ́ mọ́ igi. Tí òòlù bá dákẹ́, rédíò Anti Ibi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa, á gbà á. Tí rédíò bá dákẹ́, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí ìkòkò. Èmi ni mo máa ń gbá àgbàlá, nítorí èmi Sìdíkátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Sìdí, ni àkọ́bí, àkọ́bí obìnrin nílé wa sì ni orúkọ mìíràn fún ìgbálẹ̀. Mo ń gbálẹ̀, mo ń kùn. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ kíkùn mi nítorí ariwo òòlù.

Òfin bàbá mi nínú ilé kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó le jù nínú wọn ni ti ojú. Ọmọ kì í wo àgbà lójú. Tí bàbá mi bá ń bá ọ wí, orí ìkúnlẹ̀ lo máa wà, ilẹ̀ ni wàá máa wò. Tó o bá ṣèèṣì gbójú sókè pẹ́nrẹ́n, á ní, "Sìdí, ojú mi lo ń wò yẹn?" Kì í ṣe pé ó ń retí èsì. Nítorí ìbáwí, mo mọ gbogbo ibi tí sìmẹ́ńtì pálọ̀ wa ti sán, mo mọ ibi tí èèrà ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ìyá mi, ọmọ Ọ̀fà, kì í fi ẹnu bá ọmọ sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, ojú ló fi ń sọ ọ́. Tí àlejò bá ní kó o wá bá òun jẹun, o gbọ́dọ̀ yára wá ojú ìyá mi rí. Tó bá ṣẹ́jú, "Mo ti yó, ẹ ṣeun, sà" ni. Tó bá mọ́ ẹ lójú, jìnnìjìnnì alẹ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nílé ìwé, tíṣà tún ń sọ pé, "Look at me when I am talking to you." Nítorí náà, mo ní ojú ilé, mo ní ojú ilé ìwé, mo sì máa ń pààrọ̀ wọn lẹ́nu géètì. Ọmọ tí a bí sí Port Harcourt tí kò bá mọ irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ á jìyà ní ìhà méjèèjì.

Bọ̀dá Gàní ò ní ju ojú kan ṣoṣo lọ. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá bàbá mi, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó máa ń rọra rìn bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ilẹ̀. Lọ́dún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ irú àwa yìí ni wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá mi láti ilé pé kó mú un sọ́dọ̀, kó bá a wá iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Anti Ibi lórí sìmẹ́ńtì tútù níbi tí obìnrin náà ti ń fọ ẹja. Ọmọ Kàlàbárì ni Anti Ibi, ẹnikẹ́ni ò ṣe irú rẹ̀ fún un rí. Ó fò sẹ́yìn, ó ní, "Wetin fall this one?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹ̀rín náà tán lọ́jọ́ tí bàbá mi mú un lọ sí Onne, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí yóò máa já ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gá tó ń gba ènìyàn béèrè orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn, bàtà ọ̀gá náà ló ń wò. Ó béèrè ibi tó ti wá. Ó dáhùn, bàtà náà ló ṣì ń wò. Ọ̀gá náà yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Oga, I no fit carry person wey no fit look me for face. That kind person dey hide something." Bàbá mi mú un padà wálé. Ìgbà tó jẹun tán ló tó sọ fún ìyá mi pé, "Ọmọ tí a kọ́ nílé ni wọ́n ń pè ní olè, Ìyá Sìdí." Inú bí i gan-an. Ṣùgbọ́n kò sọ fún Gàní pé kó yí ojú rẹ̀ padà, èmi náà sì wà lórí ìkúnlẹ̀ bí ìṣe mi.

Anti Ibi ló ní òun á mójú tó ọ̀rọ̀ náà. Ní ọ̀sán Sátidé, tí a bá ti jẹ bòlì àti ẹja sísun tán, ó máa ń kọ́ àwa ọmọ ilé ní Gẹ̀ẹ́sì lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé. Kì í mú ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Verb get family. You no fit know one, leave im people." Bọ̀dá Gàní jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń túmọ̀ fún un. Ìdílé wíwò ni tọjọ́ náà. Anti Ibi ní àwòrán là ń "look at", ìkòkò orí iná là ń "watch", òṣùpá là ń "see" bóyá a wá a tàbí a ò wá a. Àlejò tó wọ aṣọ àrà là ń "stare" sí, ẹnu ihò kọ́kọ́rọ́ la ti ń "peep", aago là ń "glance" sí nígbà tí àlejò kò bá fẹ́ lọ. Mo ń sọ ọ́ fún un: wo, ṣọ́, rí, tẹjú mọ́, yọjú wò, fojú bà. Inú Bọ̀dá Gàní dùn. Ó ní, "Òyìnbó náà kúkú ń kíyè sí ojú." Ó wá ní, "Sìdí, bá mi bi wọ́n. Èwo ni ti ẹni tó ń wo ilẹ̀ kó má baà wo àgbà lójú?"

Anti Ibi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ronú títí tí àwọn ọmọ tó kù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ara wọn ní ìpá. Ó ní kò sí nínú ìdílé yẹn. Ó ní ẹyọ kan tó sún mọ́ ọn ni "avoid", kéèyàn máa yẹra fún ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n "avoid" kì í ṣe ọmọ ìdílé wíwò. Ìdílé sísá ló ti wá, òun àti "dodge" tí a fi ń yẹ òkúta, "flee" tí a fi ń sá fún ogun, àti "escape". Mo túmọ̀ rẹ̀. Bọ̀dá Gàní wo ilẹ̀, ó ní, "Mi ò kúkú sá fún ẹnikẹ́ni." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, tí mo ti gbé inú Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin ju inú Yorùbá lọ, mo rí i pé ohun tí obìnrin yẹn sọ fún wa lórí bẹ́ǹṣì ló sọ gbogbo ohun tó máa tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ọ̀wọ̀ nílé wa, ìdílé olè ni ìlú tí a wà kà á mọ́.

Lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ wa mọ sísá ju bí ẹnu wa ṣe mọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn ọmọkùnrin kan ń yin ìbọn kiri ìlú, ẹni tó bá ti rí i pé èrò ń sá bọ̀ kò ní béèrè ohunkóhun. Á kọ́kọ́ sá ná, á béèrè tó bá yá. "Pick race" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Bàbá mi gan-an, tó ń rìn tìyì-tẹ̀yẹ, ló kọ́ wa pé ẹni tó rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a. Nítorí náà, kò sí ohun tuntun nínú ohun tí Bọ̀dá Gàní ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá mi rán an lọ ra fóòmù lẹ́bàá Aba Road. Àwọn kan fi aṣọ di imú àti ẹnu, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan, wọ́n kó ọjà rẹ̀, wọ́n yìnbọn sókè, èrò sì túká. Bọ̀dá Gàní sá tòun ti fóòmù lórí. Ó já wọ àgbàlá tí kò mọ̀, ó sá pamọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti fà á jáde. Wọ́n bi í pé ta ni, kí ló ń fi ara pamọ́ fún. Ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré pé kó ṣe níwájú àgbà tó ń bínú: ó dọ̀bálẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀, ó panu mọ́.

Obìnrin kan tó mọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ló sáré wá sọ fún wa. Bàbá mi ju òòlù sílẹ̀. Ìyá mi yọ bòlì lórí iná, ó fi bébà wé e, kò sì mọ ẹni tó ń wé e fún. Anti Ibi wọ bàtà tíṣà rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n máa fi mí sílẹ̀ fún, ni ìyá mi bá di ọwọ́ mi mú, ó dì í débi tí ìka mi fi ń ro mí.

Àgbàlá alága àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni wọ́n gbé e lọ. Bàbá arúgbó ni alága, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Chairman ni gbogbo wọn ń pè é. Bọ̀dá Gàní kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, fóòmù bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ya. Chairman ní òun ti pe àwọn ọlọ́pàá, mọ́tò wọn ti ń bọ̀ wá gbé e. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí mọ́tò yẹn túmọ̀ sí lọ́dún náà. Tó bá ti gbé ọmọ ẹni lọ, èèyàn á máa ti àgọ́ kan bọ́ sí òmíràn, á máa júwe ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń júwe ewúrẹ́ tó sọnù. Àwọn kan rí tiwọn. Àwọn kan ò rí i títí di òní.

Obìnrin tí wọ́n jà lólè wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó wo ọmọ náà dáadáa, bóyá òun ni, bóyá òun kọ́. Obìnrin náà ní, "Dem cover face. Na only their eye I see. Make e raise face make I look am."

Chairman fi ọ̀pá kan Bọ̀dá Gàní léjìká. "You hear? Raise face."

Bọ̀dá Gàní ò gbójú sókè. Ó gbìyànjú, mo rí i. Ọrùn rẹ̀ mira, ojú rẹ̀ dé orókùn obìnrin náà, ó tún bọ́ sílẹ̀.

"You see am?" ni Chairman wí. "Person wey im hand clean dey look person."

Anti Ibi bọ́ síwájú. "Chairman, na respect. Na so dem train am for their place."

"Respect dey hide for back of drum?"

Mo fi ojú ilé mi, èyí tí mo fi ń wo nǹkan láìwò ó, yọ́ wo bàbá mi. Òógùn bò ó. Mi ò tíì mọ ohun tó ń dà á láàmú nígbà yẹn. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ fún mi. Ó ní ojú obìnrin yẹn ṣì ń gbọ̀n. Ẹni tí ẹ̀rù ṣì wà lára rẹ̀ lè rí olè nínú ojú ẹnikẹ́ni. Tí Gàní bá gbójú sókè, tí obìnrin náà bá sọ pé òun ni, ó parí, kò sí ẹni tó máa gbọ́ àlàyé mọ́. Tí kò bá sì gbójú sókè, mọ́tò ń bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa pàṣẹ ọ̀kan nínú méjèèjì, ó sì jẹ́ pé òun àti ìyá wọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ ọrùn ọmọ náà wálẹ̀ láti kékeré.

A gbọ́ fèrè mọ́tò lójú títì. Bàbá mi kúnlẹ̀. Bàbá mi tí mi ò rí lórí ìkúnlẹ̀ rí àfi tó bá ń kírun, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú àbúrò rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí lọ́mọ.

"Gàní, wò mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Wò mí lójú."

Ojú Bọ̀dá Gàní gòkè dé irùngbọ̀n bàbá mi, ó tún wálẹ̀.

"Lójú, mo ní."

Ó wá wò ó. Wọ́n wo ara wọn, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Mo gbàgbé ara mi, èmi náà ń wo àwọn àgbà méjì lójú ní gbangba, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí. Bàbá mi ní, "Bó o ṣe ń wò mí yìí ni kó o ṣe wo màmá yẹn. Má ṣẹ́jú."

Obìnrin náà dìde lórí àpótí, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Bọ̀dá Gàní. Ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi di imú àti ẹnu Bọ̀dá Gàní, tó fi jẹ́ pé ojú nìkan ló kù. Pẹ̀lú gèlè yẹn, Bọ̀dá Gàní jọ olè lójú èmi gan-an. Obìnrin náà wò ó, ó wò ó, ó tún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wò ó láti ibẹ̀. Mọ́tò ti dúró lẹ́nu géètì. Omi ń dà lójú Bọ̀dá Gàní sínú gèlè, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́jú, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní kó má ṣẹ́jú.

Obìnrin náà tú gèlè rẹ̀. Ó ní, "Those ones look me like Christmas goat. This one never look woman for face since dem born am. No be am."

"You sure?" ni Chairman bi í.

"I say no be am. Leave am make e go."

Chairman fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ lọ bá àwọn ará inú mọ́tò sọ̀rọ̀. A ò dúró gbọ́ ohun tó sọ fún wọn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Anti Ibi ti ròyìn rẹ̀ yí ilé po. "Gani escape! God do am, Gani escape!" Bàbá mi bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí Pijin ọjà lòun gbọ́, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tíṣà. Mo ní ẹni tó já ọgbà ẹ̀wọ̀n, "escape" ni. Ẹni tí mọ́tò fẹ́ gbá tí kò gbá, "escape" náà ni. Inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ó ní, "Ẹ̀wù kan náà ni wọ́n wọ̀ fún olè àti fún ẹni tí Ọlọ́run kó yọ. Gàní ò sá. Wọ́n kó o yọ ni." Bọ̀dá Gàní jókòó sí kọ̀rọ̀, ó mú bòlì tí ìyá mi wé lọ́wọ́, kò jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, kì í lè jókòó síbi tí bàbá mi bá wà. Tí òòlù bá ti ń dún níwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé ló máa wà. Ìyá mi rò pé ìtìjú ni, ó pè é sí kọ̀rọ̀. Mo wà nídìí ìgbálẹ̀ mi, mo gbọ́ ohun tí Bọ̀dá Gàní fi dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀rù ni mo rí lójú Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà, Ìyá Sìdí. Mi ò mọ̀ rí pé ẹ̀rù máa ń bà wọ́n." Kí Iléyá tó dé, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àga ni òun náà ń ṣe níbẹ̀ di òní. Bàbá mi ò sọ fún mi mọ́ láé pé, "Ojú mi lo ń wò yẹn?" Ó dùn mí díẹ̀, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ, D-Line ni mò ń gbé, kò jìnnà sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà nígbà náà. Àwọn ọmọ mi ń wò mí lójú kòrókòró. Tí mo bá ní, "Ojú mi lo ń wò yẹn?" àkọ́bí mi á ní, "Mummy, where you want make I look?" Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Òun náà ló ń sọ fún mi pé òun máa "japa" tí òun bá jáde yunifásítì. Ó rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ sísá kan lọ́dọ̀ wa báyìí, gbogbo ọmọ Port Harcourt ló ń fi sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ẹni tó jápa sá ni tàbí wọ́n kó o yọ.

Ojú bàbá mi ti lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló kù tó ń rí, kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ní ọjọ́ Sunday tó kọjá, mo fi fóònù pe Bọ̀dá Gàní, irú ìpè tí a fi ń rí ara wa, mo gbé e síwájú bàbá mi. Fìlà la rí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á tẹ orí ba, àwa á sì máa bá fìlà sọ̀rọ̀. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n béèrè ará ilé, wọ́n béèrè òjò. Bàbá mi wá ní, "Sìdí, ojú rẹ̀ dà?"

"Fìlà rẹ̀ là ń rí, Bàbá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gàní, mi ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Gbójú sókè."

Fìlà náà rọra gòkè. Mo rí iwájú orí, mo rí irun ìpéǹpéjú tó ti ń funfun, mo wá rí ojú Bọ̀dá Gàní. Ó ń wo bàbá mi tààrà. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì ṣẹ́jú.

"Sìdí," ni bàbá mi wí, "ṣé ó ń wò mí?"

"Ó ń wò yín, Bàbá."

Mo nawọ́ kí n gba fóònù, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

"Má tíì pa á," ló wí. "Jẹ́ kó wò mí."